Mò ń padà sí họ́sítẹ́ẹ̀lì ní Kàbà, òtútù ibẹ̀ sì ń bà mí lẹ́rù: kí ni kí n kó dání?

Ọmọ_Ìsánlú (Ọjọ́rú, aago 7:42 alẹ́)

Ẹ̀yin ará ilé, okun o. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún.

Wọ́n ti ní ká padà síléèwé, ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni mò ń lọ. Kàbà ni mo ti ń kàwé. Ẹ má bi mí pé iléèwé wo, mi ò fẹ́ kí wọ́n wá mi wá. Búlọ́ọ̀kù tiwa ló wà lẹ́yìn pátápátá, ó kọjú sí òkè, kò sí ilé kankan níwájú rẹ̀ tó lè dínà atẹ́gùn. Àwa 8 la wà nínú yàrá kan. Lúfà 4 ti jábọ́ lójú fèrèsé tó wà lọ́gangan bẹ́ẹ̀dì wa, a sọ ọ́ títí ẹnu fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, ẹnikẹ́ni ò wá wò ó. Bẹ́ẹ̀dì onírin alájà méjì ni, ìsàlẹ̀ ni mò ń sùn, fóòmù mi sì ti rọ̀ débi pé bí mo bá dùbúlẹ̀, ẹ̀yìn mi ń kan irin.

Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó fún wa nísinmi Kérésì. Bó bá ti di nǹkan bí aago 3 òru, oorun tán nìyẹn. Mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bora, mo tún ká ìró lé e, síbẹ̀ ńṣe ni mò ń gbọ̀n.

Ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ ń gbé máa ń gbé ìkòkò èédú wọlé bí a bá fẹ́ sùn. A ó ti ilẹ̀kùn, a ó fi aṣọ dí abẹ́ rẹ̀, yàrá á sì móoru dáadáa. Ó ń tù wá lára, kí n má parọ́. Àmọ́ bí ilẹ̀ bá mọ́, orí á máa fọ́ mi. Wọ́n ní ọyẹ́ ni.

Màmá mi ní owó iléèwé ti gbé gbogbo owó lọ, kò sí ti bùláńkẹ́ẹ̀tì tuntun. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo lè kó dání tí kò ní gba owó rẹpẹtẹ? Kí ni ẹ̀yin sì máa ń ṣe sí omi ìwẹ̀ àárọ̀? Aago 8 là ń wọ kíláàsì, omi táǹkì yẹn sì dà bíi yìnyín.

Jagunlabí_Mópà (aago 8:05 alẹ́)

Àbúrò, ọyẹ́ kì í ṣe ọlọ́dún. Bó bá pẹ́ títí, ìparí oṣù kejì ó ti lọ. Ra súẹ́tà òkirikà kan lọ́jà, wọ ìbọ̀sẹ̀, kó o sùn. Omi tútù la fi ń wẹ̀ ní aago 5 ìdájí láyé tiwa, kò sẹ́ni tó kú.

Èédú yẹn ò burú. Ẹ ṣáà jẹ́ kó jó kó pupa dáadáa níta kí ẹ tó gbé e wọlé. Bó bá ti pupa, èéfín ti tán lára ẹ̀ nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀gbẹ̀ (aago 8:31 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n Jagunlabí, ẹ má bínú o, ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ yẹn gan-an ló ń pa èèyàn.

Èyí tí ojú rí nínú èéfín ló ń lọ bí èédú bá pupa. Èyí tó kù kò láwọ̀, kò lóòórùn, kì í ta ojú. Carbon monoxide ni wọ́n ń pè é. Bí èèyàn bá fà á símú, ẹ̀jẹ̀ á gbá a mú ju ọ́síjìn tó yẹ kó máa gbé kiri lọ, ní ìlọ́po tó lé ní 200. Ẹni tó bá ti sùn ò ní sín, kò ní wúkọ́, kò ní ta jí. Á kàn máa sùn lọ ni.

Àbúrò mi, orí fífọ́ yẹn, má tíì dì í ru ọyẹ́. Kíyè sí i: ṣé ó máa ń dẹ̀ bó o bá ti jáde síta tó o gba afẹ́fẹ́ díẹ̀? Ṣé àwọn mìíràn nínú yàrá máa ń jí pẹ̀lú orí fífọ́, òòyì tàbí èébì láàárọ̀ kan náà? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, èédú ni mo fura sí. Lúfà 4 tó jábọ́ tó o sì ń ráhùn sí yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló dá ẹ̀mí yín sí láti ọjọ́ yìí.

Sítóòfù oníkẹrosíìnì tí wọ́n tàn sílẹ̀ nínú yàrá, tàbí jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sí kọ́rídọ̀, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn.

Bí ẹ bá rí ẹni tó sùn tí kò ṣeé jí, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé sílẹ̀ gbayawu, ẹ gbé e jáde sí gbangba, ẹ sì sáré gbé e lọ sí ọsibítù, ọ́síjìn ni wọ́n máa fún un níbẹ̀. Ẹ má da omi lé e lórí. Ẹ má ki epo pupa tàbí mílíìkì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ lè gbà á sí ẹ̀dọ̀fóró.

Jagunlabí_Mópà (aago 8:44 alẹ́)

Nọ́ọ̀sì, mo gbọ́. Ẹ wá ṣàlàyé èyí fún mi: ìyá tó bí ìyá mi, ìdí ààrò ló ń sùn ní gbogbo ìgbà ọyẹ́, ó sì lé ní 80 ọdún kó tó lọ. Kí ló dé tí èédú ò pa á?

Bàbá_Ògìdì (aago 9:10 alẹ́)

Torí pé ilé ìdáná ìyá rẹ àgbà ò ní síìlìn. Ògiri ilé ìdáná àtijọ́ kì í kan òrùlé, àyè wà láàárín, ibẹ̀ ni èéfín ń gbà jáde tọ̀sán tòru. Bó o bá fẹ́ mọ̀, lọ wo bí abẹ́ koríko ilé náà ṣe dúdú. Yàrá tí àwọn ọmọ yìí ń gbé ní síìlìn, ó nílẹ̀kùn onírin, wọ́n tún wá fi aṣọ dí abẹ́ rẹ̀. Kí lo fi ṣe àpèjúwe?

Pọ́tà_Tẹ́lẹ̀ (aago 9:38 alẹ́)

Mo ṣe pọ́tà họ́sítẹ́ẹ̀lì rí lápá Yàgbà, mo sì rí oríṣiríṣi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í fọkàn sí.

Lórí bẹ́ẹ̀dì onírin, abẹ́ ni òtútù ti ń wọlé. Bùláńkẹ́ẹ̀tì mélòó kan ì báà wà lórí rẹ, ara rẹ ti tẹ fóòmù rọ̀ mọ́lẹ̀, atẹ́gùn sì ń kọjá lábẹ́ rẹ̀ mọ́jú. Ìyẹn lo ṣe ń gbọ̀n nínú bùláńkẹ́ẹ̀tì. Kó o tó wá ohun tó o máa fi bora, wá ohun tó o máa tẹ́.

Lọ bá àwọn tó ń ta indomie lódindi káátọ́ọ̀nù lọ́jà, bẹ̀ wọ́n ní páálí ńlá. Bí wọn ò bá fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́, owó rẹ̀ ò ní pọ̀. Yọ gbogbo irin kéékèèké tí wọ́n fi kan án. Fi ọ̀bẹ la igun rẹ̀ kan kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ. Tẹ́ ti àkọ́kọ́ sórí irin ní gígùn, kó o tẹ́ èkejì lé e ní ìbú, kí ibi tí méjèèjì ti pàdé má bọ́ sójú kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ atẹ́gùn á gba àárín yọ. Tẹ́ ẹní lé páálí, kó tó wá kan fóòmù. Ẹní ilé yín gan-an, èyí tí màmá rẹ ká sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó tó.

Ọjọ́ tó o bá dé, yàrá á ti wà ní títì láti ìgbà tí ẹ ti lọ, eruku á sì ti bo gbogbo rẹ̀, pàápàá níbi tí lúfà ti jábọ́. Má fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá a. Rẹ àkísà sómi, nu bẹ́ẹ̀dì, nu ojú fèrèsé, kó o tó nulẹ̀. Àwọn tó gbá eruku yẹn ní gbígbẹ ló máa ń wúkọ́ títí ọ̀sẹ̀ á fi parí. Sá fóòmù sóòrùn, lù ú níta, gbé e wọlé kí oòrùn tó rọ̀.

Tètè kúrò nílé o. Bó o bá dé lọ́sàn-án, wàá ráyè ṣe gbogbo èyí. Gbogbo wa la sì mọ̀ pé ọ̀nà wa yìí kì í ṣe èyí tí ọmọ èèyàn ń rìn lálẹ́ mọ́.

Ọmọ_Òkè_Bùnú (aago 9:52 alẹ́)

Bàbá Pọ́tà, ẹ gbàgbé ìdun! Páálí lilé ìdun. Báńnà ìbò ni mo lò ní tèmi, àwọn ńlá tí olóṣèlú ń kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ìbò ti parí, wọ́n ń já a dànù. Atẹ́gùn kan ò lè gba inú ẹ̀ kọjá. Oníyẹn ń rẹ́rìn-ín sí mi lábẹ́ fóòmù títí mo fi ṣe tán.

Pọ́tà_Tẹ́lẹ̀ (aago 10:03 alẹ́)

Ọ̀rọ̀ ìdun yẹn, òótọ́ ni, kó máa ká páálí wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó sì máa sá a. Báńnà náà dáa, ṣùgbọ́n abẹ́ páálí ni kó wà, lójú irin. Bó o bá tẹ́ ẹ mọ́ fóòmù gẹ́rẹ́, òógùn ara ò ní rọ́nà lọ, fóòmù á máa rin lábẹ́, òtútù tó o ń sá fún á sì padà wá bá ọ.

AráJos_Tẹ́lẹ̀ (Ọjọ́bọ̀, aago 6:15 àárọ̀)

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Kàbà lẹ ń pè ní òtútù? Ẹ dé Jos lóṣù kìíní rí?

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká fi eré sílẹ̀. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta sàn ju súẹ́tà ńlá kan lọ, torí afẹ́fẹ́ tó há sáàárín wọn ló ń mú ara gbóná. Síńgílẹ́ẹ̀tì kọ́kọ́ lọ, kí tíṣáàtì gùn ún, kí súẹ́tà wá bò ó. Má fi aṣọ tó o fi rìn lọ́sàn-án sùn. Òógùn ti wà lára rẹ̀, bó ṣe ń gbẹ lóru, tìẹ ni òtútù á máa mú. Ìbọ̀sẹ̀ mímọ́, gbígbẹ, kó o sì dé fìlà tàbí kó o wérí. Ẹlòmíì á bo ara tán, á wá fi orí sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, gba bẹ́ẹ̀dì òkè. Ooru máa ń gòkè ni.

Pọ́tà_Tẹ́lẹ̀ (aago 6:50 àárọ̀)

Ti aṣọ, o gbà á. Ti bẹ́ẹ̀dì òkè, kì í ṣe nínú yàrá yìí. Ọmọ yẹn ní ọ̀gangan bẹ́ẹ̀dì ni fèrèsé tó jábọ́ wà. Ẹni tó bá sùn sókè ni atẹ́gùn yẹn máa kọ́kọ́ kọlù, ojú rẹ̀ gan-an. Kó dúró sísàlẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Mópà (aago 7:20 àárọ̀)

Ọmọ mi, ti omi ìwẹ̀ kò le. Ra boiling ring kan, kó o kì í bọ garawa, ní kíá omi ti gbóná. Àwọn ọmọ mi ń lò ó níléèwé tiwọn.

Oníná_Ayétòrò (aago 7:58 àárọ̀)

Mà, ẹ kú iṣẹ́ òbí. Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe, àtìgbà ọyẹ́ ni wọ́n sì máa ń pè mí sí họ́sítẹ́ẹ̀lì tí wáyà ti jóná.

Ring tó jẹ́ 1,000 wáàtì ń fa iná tó lé ní ámípù 4. Àwọn tó jẹ́ 2,000 wà lọ́jà, ìyẹn ń fa bí ámípù 9. Ẹ wá wo yàrá èèyàn 8: sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, ẹ̀kísíténṣọ̀n tín-ín-rín kan láti ibẹ̀, fóònù gbogbo wọn wà lórí ẹ̀. Ẹ ki ring bọ̀ ọ́. Wáyà á gbóná, ọ̀rá ara rẹ̀ á yọ́, ó sì lè jẹ́ abẹ́ fóòmù ẹnì kan ló gbà kọjá.

Ewu kejì ni ọwọ́. Wọ́n á ki ìka bọ omi wò bóyá ó ti gbóná, nígbà tí iná ṣì wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá máa lò ó níbi tí wọ́n ti gbà á láyè, kó ki ring bọnú omi tán kó tó tan sọ́kẹ́ẹ̀tì, kó pa á kó sì yọ ọ́ lára ògiri kí ọwọ́ tó kan omi. Garawa oníke ni kó lò, kó fi igi gbọọrọ dábùú ẹnu rẹ̀ kó fi kọ́ ring, kí ó má fara kan ike. Kó sì má fi sílẹ̀ lọ sórí ìlà oúnjẹ.

Ọ̀pọ̀ họ́sítẹ́ẹ̀lì ló kà á léèwọ̀, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ, owó ti ṣòfò.

Ìyá_Ìbejì_Mópà (aago 8:30 àárọ̀)

Oníná, àwọn ọmọ mi gbọ́n, wọn kì í fọwọ́ kan omi. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá ní ká má lò ó, ọ̀nà mìíràn rèé: kẹ́ẹ̀gì dúdú. Kó pọnmi sínú rẹ̀ láàárọ̀, kó gbé e sójú oòrùn lórí ṣìmẹ́ńtì. Ọyẹ́ ló ń mú lóru, oòrùn ọ̀sán rẹ̀ kì í ṣeré. Bó bá fi máa di aago 4 ìrọ̀lẹ́, omi ọ̀hún á ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìgbà yẹn ni kó wẹ̀. Bílẹ̀ bá mọ́, kó bọ́jú, kó nu abíyá, kó wọ aṣọ máa lọ. Ta ló kọ ọ́ sínú òfin pé àárọ̀ nìkan lèèyàn ń wẹ̀?

Jagunlabí_Mópà (aago 8:41 àárọ̀)

Mà, kò wẹ̀ láàárọ̀ ẹ̀wẹ̀? Ọmọbìnrin?

Ìyá_Ìbejì_Mópà (aago 8:43 àárọ̀)

Jagunlabí, kò kàn ọ́.

Ẹlẹ́jẹ̀_SS (aago 10:12 àárọ̀)

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, torí mo rí i tí wọ́n kọ ọ́ pé "kò sẹ́ni tó kú".

SS ni mí, fòníkú-fọ̀ladìde. Bí òtútù bá mú wa, iṣan ẹ̀jẹ̀ á fún, ẹ̀jẹ̀ wa tó ti rí bíi dòjé tẹ́lẹ̀ á há síbẹ̀, egungun á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dun èèyàn. Omi tútù aago 5 ìdájí tí ẹ̀gbọ́n fi ń yangàn lè gbé mi dé ọsibítù lọ́jọ́ náà. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin lórílẹ̀-èdè yìí ló jẹ́ AS, nítorí náà ẹ má rò pé àwa SS ò sí nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì yín. A wà níbẹ̀, a kì í sọ ni.

Ọmọ_Ìsánlú, bó o bá ní ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ nínú yàrá, òun ni kí ẹ gbà láyè níbi tó jìnnà sí fèrèsé jù. Omi mímu náà ṣe pàtàkì. Lásìkò ọyẹ́, òùngbẹ kì í gbẹ èèyàn, síbẹ̀ ara ń gbẹ. Fíláàsì mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni mò ń mu títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo ti sọ fún méjì nínú àwọn tí a jọ ń gbé pé bí mo bá ní ìrora, kí wọ́n má wúre lé mi lórí títí ilẹ̀ á fi mọ́, kí wọ́n pe ẹni tó ní mọ́tò. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lára ògiri.

Bàbá_Ògìdì (aago 11:25 àárọ̀)

Ẹlẹ́jẹ̀_SS, Ọlọ́run á dá ọ sí, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ àgbà lo sọ.

Ọmọ_Ìsánlú, o ní kò sówó bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ṣé kò sí kíjìpá nínú àpótí màmá rẹ ni, tàbí ti ìyá àgbà? Àwọn ìyá wa nílẹ̀ yìí, láti Ògìdì wa títí dé Bùnú, ìdí òfì tí wọ́n gbé dúró ti ògiri ni wọ́n ti hun ún. Òwú lásán ni, ó nípọn, ó sì máa ń wà fún àwọn ọmọ. Bùláńkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú ọjà yẹn, ọ̀rá ni wọ́n fi ṣe é. Ṣé ẹ kì í gbọ́ bó ṣe ń ta pàrà bí ẹ bá fà á lóru ọyẹ́, tí iná kéékèèké á máa hàn lára rẹ̀ nínú òkùnkùn?

Ọmọ_Òkè_Bùnú (aago 11:40 àárọ̀)

Bàbá, kíjìpá wúwo! Bó bá rin, ó di ọjọ́ mìíràn ọjọ́ ire kó tó gbẹ. Ẹ sì mọ̀ pé wọ́n á jí i. Kíjìpá ìyá àgbà, ní họ́sítẹ́ẹ̀lì?

Bàbá_Ògìdì (aago 11:52 àárọ̀)

Ta ní ní kó fọ̀ ọ́? Kó sá a sóòrùn. Ti olè, kó rán orúkọ rẹ̀ sí igun méjèèjì. Wúwo tó wúwo yẹn gan-an ni mo fẹ́ kó gbé lọ.

Ọmọ_Ìsánlú (aago 2:18 ọ̀sán)

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun gan-an ni. Nọ́ọ̀sì, ẹ̀rù ti bà mí báyìí. Mo pe àwọn méjì nínú yàrá wa lórí fóònù. Ẹni tó ń sùn sókè mi ní òun bì láàárọ̀ ọjọ́ kan kí a tó lọsílé, òun rò pé ẹ̀wà ni. Orí máa ń fọ́ èkejì náà. Orí tèmi sì máa ń dẹ̀ bí mo bá ti dé kíláàsì.

Kíjìpá wà nílé. Màmá mi kọ́kọ́ wò mí bíi pé mo ya wèrè, ó ti gbé e síta sóòrùn.

Ọ̀rọ̀ fèrèsé ló kù. Bí a ò bá lo èédú mọ́, ṣé kí a fi ọ̀rá dí gbogbo rẹ̀ pátápátá?

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Ìyàrà (aago 3:05 ọ̀sán)

Ọ̀rá ò lè pẹ́. Atẹ́gùn ọyẹ́ á máa fẹ̀ ẹ́, á máa pariwo patapata lóru, kó tó di ọjọ́ kẹta ó ti ya.

Wá pálánkì tẹ́ẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní pláiwúùdù. Fi okùn wọn fífẹ̀ àti gíga ibi tó ṣí, ta kókó sí okùn níbi tó dé, gbé okùn náà tọ gbẹ́nàgbẹ́nà lọ. Má kan ìṣó mọ́ férémù o, wọ́n á ní o ba nǹkan ìjọba jẹ́, wọ́n á sì gba owó lọ́wọ́ rẹ. Lọ sọ́dọ̀ àwọn fọkanáísà, gba rọ́bà inú táyà ọ̀kadà tó ti bẹ́, gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́. Lu ihò méjì méjì sí igun pálánkì, fi rọ́bà so ó mọ́ irin fèrèsé láti inú. Rọ́bà á fà á mọ́ra pinpin, ọjọ́ tí ọyẹ́ bá lọ, ẹ tú u.

Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ dí. Ẹ fi lúfà kan sílẹ̀ lókè kí atẹ́gùn máa wọlé.

Olùkọ́_Jọ́gíráfì (aago 4:40 ìrọ̀lẹ́)

Gbẹ́nàgbẹ́nà sọ dáadáa, àmọ́ mo fẹ́ tún apá kan ṣe. Ọyẹ́ ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà, apá àríwá sí ìlà oòrùn ló ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Fèrèsé tó bá kọjú síbẹ̀, ẹ dí i tán, òkè àti ìsàlẹ̀. Èyí tó wà ní òdì kejì, tàbí ojú ihò tó wà lókè ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ni kí ẹ ṣí. Afẹ́fẹ́ á wọlé, kò ní fẹ́ lu yín.

Aago 3 tó sọ yẹn náà ní ìdí. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbẹ, ìkùukùu òjò ò sí lójú ọ̀run láti bo ooru ilẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí oòrùn bá ti wọ̀ ni ooru á ti máa lọ, títí di ìdájí. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ló máa ń tutù jù. Ẹni tó bá bora fún òtútù aago 10 alẹ́, kò tíì bora.

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀gbẹ̀ (aago 5:15 ìrọ̀lẹ́)

Mo fara mọ́ olùkọ́. Má dí gbogbo rẹ̀ rárá, bí èédú ò tilẹ̀ sí. Ẹ̀ẹ̀rùn ni ìgbà àrùn yírùnyírùn, yàrá tí èèyàn pọ̀ sí tí afẹ́fẹ́ ò wọ̀ ló sì fẹ́ràn. Bí ibà gbígbóná, orí fífọ́ àti ọrùn líle bá pàdé lára ẹnì kan, ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe kẹ́mísì. Lọ́dún 2024 ni Nàìjíríà kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lo abẹ́rẹ́ àjẹsára tuntun kan fún un, Men5CV, orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ lágbàáyé sì ni wá. Bí wọ́n bá gbé e dé àdúgbò yín, ẹ gbà á.

Ọ̀rọ̀ Robb àti Aboniki tí ẹ máa ń fi sínú ihò imú: ẹ yé é ṣe é. Àyà àti ẹ̀yìn náà tó. Ẹni tó bá ní ikọ́ fée, kó tiẹ̀ jìnnà sí i, inhaler rẹ̀ ni kó wà nítòsí orí rẹ̀, kì í ṣe nínú báàgì tó tì pa. Fún ètè àti gìgísẹ̀ tó ń sán, òrí lásán ni. Kó fi para bí omi ṣì wà lára lẹ́yìn ìwẹ̀.

Jagunlabí_Mópà (aago 5:33 ìrọ̀lẹ́)

Kọfí Ìjùmú ńkọ́? Ife kan gbígbóná kó o tó sùn.

AráJos_Tẹ́lẹ̀ (aago 5:37 ìrọ̀lẹ́)

Kó wá fi ojú mọ́jú? Ẹ̀kọ gbígbóná ni kó mu, kó lọ jíńjà sí i.

Ọmọ_Ìsánlú (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 9:20 alẹ́)

Ẹ̀yin ará ilé, mo ti dé o. Páálí wà níbẹ̀, ẹní wà lórí rẹ̀, báńnà wà lójú irin (olóṣèlú ọ̀hún kọjú sísàlẹ̀, mi ò fẹ́ kó máa wò mí). Mo sùn di aago 6.

Ìjà wà lórí èédú. Ẹni tó ni ín ní àwa la sọ òun di apànìyàn. Mo ka ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì sí i létí, ó ní orí ayélujára ni ìyẹn. Nígbà tí èyí tó bì yẹn dá sí i, ó dákẹ́. A ti fẹnu kò: ẹ̀yìn búlọ́ọ̀kù, ní gbangba, ni èédú máa wà, ibẹ̀ la ó ti máa gbé omi kaná, a ó yáná díẹ̀, kí kálukú tó wọlé. Ó ṣì ń bínú sí mi.

Pláiwúùdù la ò tíì rí. Aṣọ ìkélé la fi kọ́ ojú fèrèsé báyìí. Yàrá kejì wa náà ní lúfà tó jábọ́, wọ́n ní kí n bá àwọn béèrè. Ojú ihò òkè ilẹ̀kùn la ṣí sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ṣe wí.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Ìyàrà (aago 9:47 alẹ́)

Ẹ kọ ìwọ̀n yàrá méjèèjì síbí lálẹ́ òní, fífẹ̀ kó ṣáájú gíga. Àjẹkù pálánkì wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi tí mo fẹ́ fi dáná, mo lè gé e, kí n fi rán awakọ̀ Kàbà lọ́la. Mi ò gba owó pálánkì, owó mọ́tò nìkan ni kí ẹ san fún un. Ẹ wá rọ́bà tiyín o, tèmi ti tán.